Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ajá? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Fífi Òfin De Àwọn Ẹ̀yà Ajá Kan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ajá àti ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé tibi-tọ̀hún yín ló wà níbí, torí bí mo ṣe ń wọlé ni mo gbọ́ tí màmá kan ń sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n pé, "Tí wọ́n bá lè kó gbogbo àwọn ajá burúkú yẹn dànù, ọkàn mi á balẹ̀." Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, èmi náà ti dúró síbẹ̀ rí.

Dókítà ẹranko ni mí. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ajá aládùúgbò mi kan fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ya. Èmi ni mo gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn. Mo fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ náà mú láti ilé títí a fi débẹ̀. Nígbà tí a dé àárín ọ̀nà, ọmọ náà ò ké mọ́, ìdákẹ́ yẹn sì bà mí lẹ́rù ju igbe rẹ̀ lọ. Ó yè é. Àpá náà wà lójú rẹ̀ títí dòní. Ajá tó ṣe é jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí orúkọ wọn nìkan ti tó láti lé èèyàn wọlé. Nítorí náà, fún bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, níbi yòówù tí àríyànjiyàn bá ti wáyé pé bóyá kí ìjọba fòfin de irú ajá bẹ́ẹ̀, ohùn mi ló máa ń ròkè jù: kí wọ́n dè é, kí wọ́n dè é lónìí.

Kì í ṣe pé mo wá fẹ́ràn ajá náà ni ọkàn mi fi yí padà. Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: kí ni ì bá ti gba ọmọ yẹn sílẹ̀? Mo jókòó, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ni ajá yẹn fi wà lórí ṣéènì lẹ́yìn ilé. Wọ́n á ju oúnjẹ sí i, wọ́n á padà sínú ilé. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ó ti bu èèyàn méjì jẹ ṣáájú ọmọ yìí, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Èmi gan-an mọ̀. Èmi ni mo gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo rí bó ṣe ń gbọ̀n tó tún ń kùn, mo sọ fún olówó rẹ̀ pé kó máa ṣọ́ra, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo bá tèmi lọ. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó fi tó àwọn tó yẹ kó gbọ́ létí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yà mìíràn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé yẹn fún ọdún méjì, mo gbà pé ọmọ náà ì bá ṣì gba ọgbẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Wọn ò ní bí ajá bá tóbi. Wọn ò ní bí orí rẹ̀ bá fẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ajá ni wọ́n ń wò. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: òfin tó ń wo ojú ajá tí kò wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì dáàbò bo ọmọ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó le tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin tí gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí, ti Bìrìtéènì ní ọdún 1991. Lákòókò náà, ìròyìn ajá tó ṣe èèyàn léṣe gba ojú ewé àwọn ìwé ìròyìn. Kenneth Baker tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé gbé òfin kan wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi buwọ́ lù ú. Ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ: Pit Bull Terrier, Tosa ti ilẹ̀ Jàpáànù, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pit bull nìkan ni èèyàn lè pàdé lójú pópó níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù ṣọ̀wọ́n gan-an.

Abala kìíní òfin náà ló sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà. Abala kẹta ló sọ̀rọ̀ nípa ajá yòówù tí apá olówó rẹ̀ kò bá ká mọ́ débi tí èèyàn fi ní láti máa bẹ̀rù pé yóò ṣe òun léṣe. Abala kẹta yìí ló dá lórí ìwà ajá àti ojúṣe ẹni tó ni ín, òun ni mo sì kà sí òfin gidi. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2014, ìta gbangba àti ibi tí kò yẹ kí ajá náà dé nìkan ni abala yìí kàn. Kò wọ inú ilé olówó ajá. Bẹ́ẹ̀, inú ilé ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọdé tí ajá ń bù jẹ ti ń pàdé rẹ̀: ajá ilé tiwọn, ajá bàbá àgbà, ajá ọ̀rẹ́ màmá wọn. Ọdún 23 gbáko ni òfin fi ń wọn orí ajá láìwo yàrá tí ọmọ àti ajá jọ wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo pa ìwé náà dé, mo sì jáde lọ gba atẹ́gùn.

Wíwọn tí mo ní wọ́n ń wọn orí ajá yẹn, òótọ́ ni mo sọ. Irú ajá tó jọ pit bull ni òfin yẹn ń wá. Ìwọ̀n orí, gígùn ẹsẹ̀, bí àyà ṣe fẹ̀ tó, bí ìrù ṣe rí, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́. Kò kan òfin pé Labrador, tó jẹ́ ẹ̀yà ajá mìíràn, ni ìyá rẹ̀. Ọmọ ajá mẹ́fà lè jáde nínú ìyá kan lọ́jọ́ kan náà, kí méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀daràn lójú òfin, kí mẹ́rin yòókù jẹ́ ọmọlúàbí, láìsí pé èyíkéyìí nínú wọn tíì yọ eyín sí ẹnikẹ́ni. Láàárín ọdún 1991 sí 1997, adájọ́ kò tilẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn: bí ajá bá ti jọ ọ́, pípa ni. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ilé ẹjọ́ láyè láti dá ajá tí kò ṣe nǹkan kan sí, bí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó má bímọ mọ́, tí wọ́n fi ṣíìpù ìdánimọ̀ sí abẹ́ awọ rẹ̀, tí olówó rẹ̀ sì ń dí i lẹ́nu tó sì ń mú un lókùn nígbàkúùgbà tó bá jáde.

Àwọn kan nínú yín lè rántí Lennox. Ajá kan ni ní Belfast, ní Àríwá Áyálándì, níbi tí wọ́n ní irú òfin kan náà. Ní ọdún 2010 ni ìjọba ìbílẹ̀ mú un kúrò nílé àwọn tó ni ín torí pé ó jọ pit bull. Ọdún méjì ni ẹjọ́ náà fi lọ láti ilé ẹjọ́ kan sí òmíràn, àwọn èèyàn káàkiri ayé sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé e lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Oṣù keje ọdún 2012 ni wọ́n pa á. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi síta: bóyá Lennox jẹ́ ajá rere tàbí ajá tó ṣòro láti tọ́jú, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí ni pé ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un nílé kì í ṣe ohun tó ṣe. Ìrísí rẹ̀ ni.

Ojú wa pàápàá kì í sọ òótọ́ fún wa lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ajá. Ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kan yẹ ajá 120 wò ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí kò ní olówó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó fi mọ́ àwọn dókítà ẹranko bíi tèmi, ni wọ́n ní kí wọ́n sọ ẹ̀yà ajá kọ̀ọ̀kan. Ajá 62 ni ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn pè ní irú pit bull. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA, ìyẹn àmì ìran inú ara, gbogbo ajá 120 náà wò, 25 péré ni ẹ̀jẹ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ wà lára wọn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ni ajá ló sì ṣì í tó báyìí. Ẹ wá rò ó wò nígbà tó bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ti bà, ajá sáré kọjá níwájú rẹ̀ lálẹ́, akọ̀ròyìn sì bi í pé, "Irú ajá wo ni?"

Ẹ̀rù tí mo ń wí yìí kì í gbé ojú kan. Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, bloodhound ni ajá tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó kan German Shepherd, ó kan Dobermann, ó kan Rottweiler, kó tó wá kan pit bull ní àwọn ọdún 1980. Ẹ wo ohun kan tó so gbogbo wọn pọ̀: nígbà tí ajá kan bá ti gba orúkọ pé ó burú, àwọn tó ń wá ajá burúkú á bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Wọ́n á gé etí rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe máa fò mọ́ èèyàn. Òkìkí náà ló ń fa irú olówó kan sún mọ́ ọn, irú olówó bẹ́ẹ̀ ló sì ń sọ òkìkí náà di òótọ́.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan ni? Rárá, mi ò ní pa irọ́ fún yín láti lè gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Ajá tí wọ́n ti ń fi da àgùntàn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún á fẹ́ da nǹkan, bí kò bá sí àgùntàn níbẹ̀, á da àwọn ọmọ ilé. Ní ọdún 2022, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science lórí ajá 18,385 tí àwọn olówó wọn dáhùn ìbéèrè nípa ìwà wọn, wọ́n sì yẹ DNA àwọn tó lé ní 2,000 nínú wọn wò. Nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwà ajá kan sí èkejì, bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀yà lè ṣàlàyé. Ìdá yòókù wà nínú ajá fúnra rẹ̀, nínú bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, nínú ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Bí ajá ṣe máa ń tètè bínú tó wà lára ohun tí ẹ̀yà kò fi bẹ́ẹ̀ lè sọ tẹ́lẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń gbèjà ajá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ajá dọ́gba. Wọn ò dọ́gba. Àpá tó jìn jù lọ́wọ́ mi ọ̀tún, ajá kékeré kan tí kò tó kílò 5 ló dá a sí mi. Ó gbá mi mú bí mo ṣe fẹ́ yẹ eyín rẹ̀ wò, èmi àti olówó rẹ̀ sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo já a kúrò. Tó bá jẹ́ pé kílò 50 ni, bóyá mi ò ní ní ọwọ́ tí mo ń nà sí yín yìí. Ìbínú lè dọ́gba, eyín kò dọ́gba, agbára párì kò dọ́gba. Àwọn ajá kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti di nǹkan mú, wọn kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú pé ìtóbi ajá kò já mọ́ nǹkan kan, pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nìkan ló ṣe pàtàkì, kò tẹ́tí sí ìyá náà. Ẹni tó ní ajá ńlá ni òfin gbọ́dọ̀ béèrè ohun púpọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, bí a ṣe ń béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ju ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Kí wá ni àwọn ìlú tó ti fòfin de ẹ̀yà ajá rí níbẹ̀? Netherlands fòfin de pit bull ní ọdún 1993. Ní ọdún 2008, wọ́n pinnu láti pa òfin náà rẹ́, torí wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé iye èèyàn tí ajá ń bù jẹ kò torí rẹ̀ dín. Ítálì tẹ àkójọ ẹ̀yà tó lé ní 90 jáde ní ọdún 2003, débi tí àwọn ajá tí ẹnikẹ́ni kì í sá fún fi wà níbẹ̀. Wọ́n gé e kù títí, ní ọdún 2009 wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n sì gbé ẹ̀bi àti ojúṣe lé olówó ajá lórí. Dẹ́nímáàkì fi òfin de ẹ̀yà 13 ní ọdún 2010. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ìlú Odense lẹ́yìn náà kò rí i pé iye àwọn tí ajá bù jẹ dín kù torí òfin náà. Denver ní Amẹ́ríkà de pit bull láti ọdún 1989, àwọn ará ìlú sì dìbò ní ọdún 2020 pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ní Bìrìtéènì tí a ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọdún 1998 sí 2018, iye àwọn àgbàlagbà tí ilé ìwòsàn ní England ń dá dúró torí ajá bù wọ́n jẹ lọ sókè ju ìlọ́po méjì lọ, òfin 1991 sì wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ bo apá kan ọ̀rọ̀, Jámánì dúró lórí tiwọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, ajá méjì pa ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní ọgbà ilé ìwé ní Hamburg. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà ló mì. Ní ọdún 2001, wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó pit bull àtàwọn ẹ̀yà mẹ́ta mìíràn wọ ilẹ̀ wọn. Ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lórí òfin ìpìlẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà ní ọdún 2004, ó sì fi àṣẹ sí òfin tó de kíkó wọn wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ náà fi ohun kan kún un tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn aṣòfin ibi gbogbo gbọ́: wọ́n ní àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òfin náà, kí wọ́n sì tún un ṣe bí òótọ́ bá fi hàn pé ohun tí wọ́n rò kọ́ ló rí. Ṣíṣe òfin torí ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣíṣe é tán kí a má padà wò ó mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí XL Bully, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sin ajá yìí jáde, láti ara àwọn ìbátan pit bull. Òfin Bìrìtéènì ti 1991 kò dárúkọ rẹ̀, nítorí náà nígbà tó dé, ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé. Àwọn tó ń sin ajá tà rí owó níbẹ̀. Akọ ajá díẹ̀ ni wọ́n ń mú gun abo púpọ̀, ohun tí wọ́n sì ń wá ni kí ó tóbi, kí orí rẹ̀ ga, kí àyà rẹ̀ fẹ̀, kí àwòrán rẹ̀ lè tà. Ta ló ń béèrè bóyá bàbá rẹ̀ máa ń fò mọ́ èèyàn? Àjàkálẹ̀ àrùn COVID sé àwọn èèyàn mọ́lé, wọ́n ra ajá, àwọn ajá náà sì dàgbà láìrí àlejò, láìrí ajá mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ikú bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé wà nínú wọn, irú ajá yìí sì wà nídìí púpọ̀ nínú ikú náà ju bí iye rẹ̀ ṣe tó láàárín àwọn ajá ilẹ̀ náà lọ. Mi ò ní fi ẹnu kékeré sọ ìyẹn. Àwọn tó sọ pé àwọn kò lè gbà á mọ́ ní ìdí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Rishi Sunak tó jẹ́ olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà kéde pé wọn yóò fòfin dè é. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á, sin ín, fi tọrẹ tàbí já a sílẹ̀ ní England àti Wales. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó bá ní i láìsí ìwé àṣẹ ti rú òfin. Owó ìwé àṣẹ náà nígbà náà jẹ́ £92.40. Lákòókò náà, ẹni tó bá yàn láti mú ajá rẹ̀ lọ fún dókítà ẹranko kó pa á lè gba £200 pa dà lọ́wọ́ ìjọba: £100 fún ajá, £100 fún iṣẹ́ dókítà. Ìjọba ti fojú bù ú pé bí 10,000 ni ajá náà yóò jẹ́. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 50,000. Ẹ rántí pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ̀lé òfin. Ẹni tí ajá rẹ̀ wà lórí ṣéènì lẹ́yìn ilé fún ọdún méjì, mi ò rò pé òun ló kọ́kọ́ tò sórí ìlà.

Mo ronú nípa àwọn dókítà tí wọ́n mú ajá tí kò ṣẹ̀ wá fún lọ́sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ajá á máa ju ìrù, á máa lá ọwọ́ tó fẹ́ gún un. Mo ti pa ajá tó ṣe èèyàn léṣe rí nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn, mo sì lè dáhùn fún un níwájú ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń ju ìrù yẹn, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Ó dáa, kí ló ń pa èèyàn gan-an? Ní ọdún 2013, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà. Ikú 256 tí ajá fà láti 2000 dé 2009 ni wọ́n tú wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan ni wọ́n kà. Wọ́n bá àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ṣèwádìí sọ̀rọ̀. Nínú ìdá 87 lórí ọgọ́rùn-ún, kò sí àgbàlagbà kankan nítòsí tó lè gbà á sílẹ̀. Nínú ìdá 85, ẹni tó kú àti ajá náà kò mọra tàbí kí wọ́n kàn ti rí ara wọn fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ìdá 84, wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún ajá náà kó má bímọ. Nínú ìdá 76, ajá náà kì í bá èèyàn gbé bí ajá ilé; wọ́n kàn so ó tàbí sé e mọ́ ibì kan ni. Nínú bí ìdá 80, ó kéré tán mẹ́rin lára irú àléébù bẹ́ẹ̀ ló parapọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yà wá ńkọ́? Ìdá 17.6 péré nínú àwọn ọ̀ràn náà ni wọ́n ti lè fi ẹ̀rí tó dájú sọ ẹ̀yà ajá. Nígbà tí mo ka ìwádìí yìí, aládùúgbò mi ni mo ń rí nínú gbogbo rẹ̀: ṣéènì, ẹ̀yìn ilé, àgbàlagbà tí kò sí níbẹ̀, ọmọ tó ń rìn lọ tààrà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́ ni ti àwọn ajá Michael Vick, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n oṣù 23 ní ọdún 2007 torí ó ń fi ajá jà. Bí àádọ́ta pit bull ni wọ́n kó nílé rẹ̀. Àṣà ìgbà náà ni pé wọ́n á kàn pa gbogbo ajá tí wọ́n bá kó níbi ìjà ajá, torí wọ́n gbà pé kò sí àtúnṣe fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ẹjọ́ gbà pé kí àwọn onímọ̀ yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pa torí ìbínú rẹ̀. Àwọn yòókù ń bẹ̀rù, àwọn kan á lúgọ sí igun yàrá fún oṣù bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn padà rí ilé tí wọ́n gbé pẹ̀lú ọmọdé àti ológbò. Mi ò sọ èyí láti fi hàn pé kò séwu. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan ló rí ọ̀kan tó léwu. Ẹni tó bá wo ẹ̀yà kò ní rí i. Á kàn rí àádọ́ta.

Ẹnì kan á bi mí pé, kí wá ni kí ìjọba ṣe? Ẹ wo Lower Saxony, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ ní àkójọ ẹ̀yà ní ọdún 2000, wọ́n sì pa á tì lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 kò dárúkọ ẹ̀yà kankan. Láti oṣù keje ọdún 2013, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ní ajá, ì báà jẹ́ ajá tó wọ inú àpò, gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò: ó máa fi ìwé ṣe é kó tó gba ajá, lẹ́yìn náà ó máa mú ajá rẹ̀ jáde, kí wọ́n lè rí bí ó ṣe ń darí rẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn àti àwọn ajá mìíràn wà níbẹ̀. Ajá gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní owó adójútòfò fún ẹni tí ajá bá ṣe léṣe. Bí ajá kan bá sì ṣe ohun tó fi hàn pé ó léwu, àwọn aláṣẹ á yẹ òun gan-an wò. Ní Calgary, ní Kánádà, kò sí ẹ̀yà tí wọ́n dè; ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń tẹ̀lé ajá, owó ìtanràn sì ń ga sí i bí ohun tí ajá ṣe bá ṣe burú tó. Irú òfin báyìí kì í dùn ún kéde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń fẹ́ òṣìṣẹ́, ó ń fẹ́ owó, ó ń fẹ́ ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ajá bá bu èèyàn jẹ lẹ́ẹ̀kíní. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí àkójọ ẹ̀yà fi máa ń wu àwọn olóṣèlú: ìwé ni, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè kúrò níbí láìsọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yà díẹ̀. Nígbà tí a ń jiyàn lórí ẹ̀yà, dìgbòlugi ń pa èèyàn bí 59,000 lọ́dọọdún káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣe fojú bù ú, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn nínú bí ìdá 99. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kú jẹ́ ọmọdé. Kò sí ẹ̀yà tí àrùn náà kì í mú. Bí wọ́n bá gún ìdá 70 nínú ajá agbègbè kan ní abẹ́rẹ́, ó lè dáwọ́ dúró níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà wà. Mo ti gún un fún ajá tí mi ò lè ka iye wọn.

Nígbà tí mo parí àsọyé mi, àwọn tó wá gbọ́ mi béèrè ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, mo sì dáhùn wọn. Màmá tí mo gbọ́ ohùn wọn nígbà tí mo ń wọlé ni wọ́n dìde gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ajá ilé kejì ti fo ọgbà wá sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lé ọmọ ọmọ wọn dé ẹnu ọ̀nà, kò tíì bu ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n ní, "Dókítà, irú ajá wo ni kí n sọ pé ó jẹ́ bí mo bá fẹ́ fẹjọ́ sùn? Torí mo bẹ̀rù pé bí kò bá sí lára àwọn tó lórúkọ, wọn ò ní dá mi lóhùn." Mo kúrò lórí pèpéle, mo lọ jókòó tì wọ́n. Mo yọ ìwé, mo ní kí wọ́n má kọ ẹ̀yà kankan. A kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ fo ọgbà, aago tí ó jẹ́, ibi tí ọmọ náà wà, bí ọgbà náà ṣe ga tó, orúkọ ẹni tó tún rí i, àti ohun tí olówó rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n bá a sọ ọ́. Ó kún ojú ìwé kan. Mo fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà tó gbọ́ ọ, mo sì kọ nọ́ńbà fóònù mi síbẹ̀ kí àwọn tó máa gbà á lè pè mí. Wọ́n ká a sínú báàgì wọn, wọ́n sì béèrè bóyá ọ́fíìsì náà máa ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.